Ìyà Tí Ó Ń Jẹ Ará Ilé àti Iṣẹ́ Tí Ó Kan Ẹgbẹ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún ti ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú wa)

 

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa fi yíyan orí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi nígbà tí ó kọ̀wé pè mí. Ìbá rọrùn fún mi láti sọ ìtàn bí a ti tẹ ìlú wa dó, tàbí kí n ki oríkì àwọn baba wa, kí inú gbogbo wa sì dùn. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìròyìn tí ó ń ti ilé jáde láti ọdún 2023 wá kì í ṣe ìròyìn tí ẹgbẹ́ tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú lè gbọ́ kí ó sì máa jó lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ebi, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n, àti ọ̀nà tí ó tọ́ láti fi ran aláìní lọ́wọ́ ni mo bá wá síwájú yín.

Ìròyìn tí ó ba gbogbo wa nínú jẹ́

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Wọ́n pe àwọn ọmọdé wá ṣe àríyá ọdún nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan, ọ̀rọ̀ sì ti tàn ká ìgboro pé wọn yóò rí oúnjẹ àti ẹ̀bùn gbà. Ní kùtùkùtù, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà. Ọmọ 35 ni ó kú níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ènìyàn mẹ́wàá kú ní Àbújá níbi tí a ti ń pín oúnjẹ ọdún. Ní ọjọ́ kan náà, ó ju ogún ènìyàn lọ tí ó kú ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí a ti ń pín ìrẹsì. Ní oṣù Kejì ọdún kan náà, ènìyàn méje ti kú ní Yábàá, ní Èkó, níbi tí a ti ń ta ìrẹsì fún ará ìlú ní ẹ̀dínwó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tètè sọ pé ọ̀kánjúwà ni ó kó wọn lọ. Ìyá tí ó jí ní òru, tí ó wẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, tí ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ ọdún, tí ó sì fà á lọ́wọ́ lọ sí ibi tí a ti ń pín oúnjẹ, kì í ṣe ọ̀kánjúwà ni ó ń ṣe é. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tí ó bá ní oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nílé kì í lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn láti òru nítorí kóńgò ìrẹsì kan.

Ó sì yẹ kí a mọ bí irú ikú bẹ́ẹ̀ ti ń wá, nítorí ìmọ̀ náà yóò wúlò fún wa láìpẹ́. Àwọn tí ó ti wádìí ọ̀ràn yìí jinlẹ̀ ṣàlàyé pé kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ń tẹni mọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń pànìyàn láàárín èrò. Bí ènìyàn bá ti pọ̀ ju bí àyè ti gbà lọ, àyà kì í rí ibi fẹ̀ sí mọ́, èémí a sì dá, àní lórí ìdúró. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò mọ̀ pé ẹni tí ó wà níwájú ti ṣubú. Ó rò pé ìlẹ̀kùn ṣí ni, ó sì ń tì síwájú. Ọmọdé ni ó sì ń kọ́kọ́ bá a lọ, nítorí pé ìbàdí àgbàlagbà ni orí rẹ̀ mọ, kò sì rí afẹ́fẹ́ mí. Èyí fi hàn wá pé àṣìṣe náà kò bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tí a ti pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ebi ń pa jọ sí ojú kan, ní wákàtí kan náà, fún ohun tí kò lè kárí wọn, ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ọ̀wọ́n ti wọ ilé wa

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gba ọ̀pá àṣẹ, ni ó kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo bẹntiróò ti dópin. Epo tí a ń rà ní nǹkan bí 185 náírà lítà kan di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún náà ó di 617 ní ibi púpọ̀; nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti tó nǹkan bí 1,000 náírà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 bákan náà ni ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà ti kọjá 1,500 ní ìparí ọdún 2024.

N kò wá síhìn-ín láti dá ẹjọ́ òṣèlú. Àwọn kan sọ pé ó yẹ kí owó ìrànwọ́ náà dópin, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bọ́ sí àpò àwọn tí ń kó epo gba ẹnu ibodè lọ. Àwọn mìíràn sọ pé a kò tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún tálákà kí a tó yọ ọ́. Ẹgbẹ́ wa ní ọmọ nínú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú, a kò sì ní tú u ká nítorí àríyànjiyàn yìí. Ohun tí ó kàn mí ni bí ọ̀ràn náà ti wọ ilé ẹni tí kò ní mótò, tí kò sì fojú rí dọ́là rí.

Ẹ wo gàrí. Ilẹ̀ wa ni a ti ń gbin ẹ̀gẹ́, a kì í rà á láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n mótò tàbí ọ̀kadà ni ó ń gbé e ti oko wá. Epo ni ẹ̀rọ tí a fi ń rin ín ń mu. Mótò náà ni yóò tún gbé gàrí lọ sí ọjà. Bí epo bá di ìlọ́po márùn-ún, gàrí kò lè dúró lójú kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ata tí a gbé lọ sí ẹ̀rọ ìlọta, bẹ́ẹ̀ sì ni omi tí a ń fi ẹ̀rọ fà nínú kànga. Búrẹ́dì ní tirẹ̀, àlìkámà tí a fi ń ṣe ìyẹ̀fun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, dọ́là ni a sì fi ń rà á. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ìṣirò orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ sọ pé ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ fi ohun tí ó ju 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú.

Ẹnì kan lè sọ pé a ti fi owó kún owó oṣù. Òótọ́ ni. Ní oṣù Keje ọdún 2024, owó oṣù tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà, láti 30,000 tí ó wà láti ọdún 2019. Lójú, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Nígbà tí lítà epo kan jẹ́ 185 náírà, 30,000 náírà ra nǹkan bí lítà 162. Nígbà tí lítà kan di 1,000, lítà 70 péré ni 70,000 náírà rà. Bí a bá sì pín 70,000 náírà sí ọgbọ̀n ọjọ́, ó jẹ́ 2,333 lójúmọ́. Bí ènìyàn márùn-ún bá wà nínú ilé, kò tó 470 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a tó san owó ilé, owó iná, owó ilé-ìwé àti owó oògùn. Ẹni tí ó tilẹ̀ ń gba owó oṣù sàn. Àgbẹ̀, aránṣọ, obìnrin tí ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lẹ́bàá títì, wọn kò ní ọ̀gá tí yóò fi kọ́bọ̀ kún tiwọn.

Èyí ni ó fà á tí ìlú wa fi rí bí ó ti rí lónìí. Ẹni tí ó ń ra gàrí ní kóńgò ti ń rà á ní agolo. Àgbàlagbà tí ó yẹ kí ó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́ ń dá a sí, ó ń lò ó ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ń sùn ní kíláàsì, kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ, bí kò ṣe pé kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti òwúrọ̀. Èyí tí ó sì burú jù ni pé ojú ń ti ọ̀pọ̀ láti sọ ọ́. Wọ́n ń wọ aṣọ tí ó mọ́ wá sí ìpàdé, wọ́n ń kí wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Àbá tí ó wà níwájú wa

Ẹ̀yin ará, inú rere ni ó bí àbá tí ó wà lórí tábìlì ìgbìmọ̀ wa: pé kí a pe àwọn aláìní jọ sí pápá ìlú ní ọjọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́, kí a pín ìrẹsì àti owó fún wọn, kí a sì ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ọdọọdún wa. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó mú àbá náà wá, nítorí pé ẹni tí kò láàánú kì í dá irú rẹ̀. Síbẹ̀, mo bẹ ìpàdé yìí pé kí ó má ṣe gbà á. Ìdí mẹ́ta ni mo ní.

Èkínní ni ti ẹ̀mí. Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹnu ọ̀nà tí ó wọ pápá wa kò ju méjì lọ. Ìròyìn ẹ̀bùn kì í sì í dúró sí ìlú kan. Àwọn abúlé àti ìlú tí ó yí wa ká yóò gbọ́. Àpò ìrẹsì tí a kà fún igba ènìyàn yóò bá ẹgbàá ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà náà, kò sí ọlọ́pàá tàbí ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Èkejì ni ti ọ̀wọ̀. Ẹni tí a fún ní oúnjẹ, tí a sì ya àwòrán rẹ̀ bí ó ti ń tẹ́wọ́, a ti gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìrẹsì kò lè san. Ọmọ rẹ̀ yóò rí àwòrán náà. Àna rẹ̀ yóò rí i. Àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ ni ó ń wù láti rí àwòrán yìí, kí a lè mọ̀ pé owó wa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni yóò máa bá a gbé inú ìlú.

Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí ó tọ́ sí jù kò ní lè dé ibẹ̀. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, opó tí ń tọ́jú ìkókó, ọkùnrin tí àrùn dá dùbúlẹ̀, wọn kò lè bá ọ̀dọ́ du ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó lágbára ni yóò gbà á, kì í ṣe ẹni tí ó ṣaláìní.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní bí a kò bá pín in ní gbangba, àwọn ìgbìmọ̀ yóò jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi, nítorí ojú wa ti rí tó. Ṣùgbọ́n èrò kò ṣọ́ owó rí. Ìwé ìṣirò ni ó ń ṣọ́ ọ. Àwọn baba wa a máa pàtẹ èso sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, wọn a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi iye owó rẹ̀ hàn, wọn a sì bá tiwọn lọ. Èrò ọ̀nà tí ó bá mú nínú rẹ̀ a fi owó sílẹ̀. Bí wọ́n ti lè fọkàn tán àjèjì tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí àwa lè fọkàn tán ara wa, pàápàá nígbà tí a ní akápò, tí a ní ayẹ̀wé-owó-wò, tí a sì ní ìpàdé tí a ti lè bi wọ́n léèrè.

Ohun tí mo dábàá

Èkínní, kí a máa gba àdúgbò pín nǹkan. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn mẹ́ta: baálé kan, ìyá ọjà kan, àti ẹnì kan láti mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ni ó mọ ilé tí a kò dáná. Kí wọ́n gbé ohun tí a bá fún wọn lọ sí ilé, ní ìrọ̀lẹ́, láìsí ariwo. Kí a ka iye ilé àti iye owó sí etígbọ̀ọ́ ìpàdé, ṣùgbọ́n kí a má ṣe ka orúkọ.

Èkejì, kí a má ṣe dúró de ọdún. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ pé kí àgbàdo àti iṣu titun tó jáde ni ebi ń mú jù, ìgbà ìkórè sì ni oúnjẹ ń dínwó. Kí ẹgbẹ́ ra àgbàdo, ẹ̀wà àti gàrí nígbà ìkórè, kí ó tọ́jú wọn, kí ó sì tà wọ́n fún ará ìlú ní iye tí ó rà wọ́n nígbà ọ̀wọ́n. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ ti wà nísinsìnyí, tí a lè fi tọ́jú ẹ̀wà fún oṣù púpọ̀ láìsí pé kòkòrò jẹ ẹ́, bí ó bá ti gbẹ dáadáa kí a tó dì í. Kò ní sí ìdí láti da oògùn olóró sí ohun tí ènìyàn yóò jẹ.

Ẹ̀kẹta, kí a sọ àjọ àti èésú wa di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ní ìwé lọ́dọ̀ ìjọba. Láti ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní ilẹ̀ yìí, àwọn àgbẹ̀ kòkó sì jàǹfààní rẹ̀ púpọ̀. Obìnrin tí ń ta ata kò tọrọ ìrẹsì lọ́wọ́ wa. Owó òwò díẹ̀ ni ó ń wá, tí kì í ṣe ti àwọn ayánilówó tí èlé wọn ń jẹ ojú owó.

Ẹ̀kẹrin, kí a fún ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oúnjẹ ọ̀sán. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ṣe irú rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2016 pẹ̀lú 70 náírà fún ọmọ kan lójúmọ́. Kí a má ṣe dúró de ìjọba. Kí a mú ilé-ìwé kan fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn ìyá ìlú máa sè é, kí a sì ra èlò ọbẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ tiwa.

Ẹ̀karùn-ún, kí a bi ìjọba ìbílẹ̀ wa léèrè. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn tààrà. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ìjọba, a kò sì lè gba iṣẹ́ ọ̀nà àti omi ṣe fún un. Kí a yan aṣojú tí yóò máa lọ béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti pẹ̀lú ìwé, pé kí ni a fi owó náà ṣe.

Sí àwọn ará wa ní òkè òkun

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn, ilé mọ iṣẹ́ yín. A sì mọ̀ pé owó ilé àti owó iná wọ́n lọ́dọ̀ yín pẹ̀lú, a kò sì rò pé orí igi ni ẹ ti ń ká owó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan hàn yín. Bí abọ́ oúnjẹ ọmọ kan bá jẹ́ 500 náírà, oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 2,500. Bí sáà ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó di 30,000 náírà. Bí dọ́là bá wà ní 1,500 náírà, ogún dọ́là ni. Ogún dọ́là yóò bọ́ ọmọ kan ní sáà kan. Díẹ̀ tí ń dé déédéé sàn fún ilé ju púpọ̀ tí ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú ìlù àti fèrè.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ yìí ju agbára ẹgbẹ́ ìlú lọ, kí ó rántí àwọn tí ó ṣáájú wa. Ní ọdún 1934, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà nínú Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe dá ilé-ẹ̀kọ́ girama Iléṣà sílẹ̀. Ní ọdún 1943, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà dá ilé-ẹ̀kọ́ girama Ọ̀fà sílẹ̀. Akọ̀wé kékeré, àgbẹ̀, oníṣòwò àti olùkọ́ ni púpọ̀ nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Owó kékeré ni wọ́n ń dá lóṣooṣù, ṣùgbọ́n wọn kò yé dá a. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Alága ọlọ́lá, kí n tó jókòó, mo gbé ìpinnu kan síwájú ìpàdé: pé kí owó tí a ti kó jọ fún pípín ìrẹsì ní pápá di owó ìbẹ̀rẹ̀ fún pípín ní àdúgbò àti fún oúnjẹ ilé-ìwé kan, kí a sì yan ìgbìmọ̀ rẹ̀ lónìí kí a tó túká. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnì kan kín in lẹ́yìn, kí a jiyàn lórí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, kí a sì dìbò. Bí ẹnìkan bá ní ọ̀nà tí ó sàn ju tèmi lọ, kí ó sọ ọ́, kí a gbà á. Ohun kan ṣoṣo tí kò tọ́ ni kí a jẹun tán lónìí, kí a padà sí ibùgbé wa, kí a sì máa retí ìròyìn mìíràn.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀bùn wa sọkún. Kí ilé ó rọ̀, kí ọ̀nà ó là.